Ṣàwámà adìẹ pẹ̀lú sọ́ọ̀sì aáyù: bí a ṣe ń ṣe é nílé tí kì í fi í yọmi

Ẹjọ́ mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń gbé wá fún mi tí wọ́n bá ti dán ṣàwámà wò nílé. Sọ́ọ̀sì aáyù kọ̀, kò dì. Òróró dá dúró lókè, aáyù jókòó sísàlẹ̀. Búrẹ́dì ń ya bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n ká a. Èyí tó sì ń dun àwọn ọmọ jù: kí wọ́n tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, omi ti ń ro tó-tó-tó láti ìdí rẹ̀, ó ti ba aṣọ jẹ́.

Mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ilé ìdáná tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti wádìí wọn débi tí mo fi mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí wọn. Omi ni. Adìẹ lómi jù, kábéèjì lómi jù, búrẹ́dì kò lómi tó, omi inú aáyù sì kéré, a wá da òróró lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀ yìí, màá máa sọ ibi tí omi yẹ kó wà àti ibi tí a gbọ́dọ̀ ti lé e jáde.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ìwọ̀n yìí á ṣe ṣàwámà 8. Ṣíbí ìjẹun ni ṣíbí ńlá, ṣíbí tíì ni kékeré.

Ti adìẹ:
- itan adìẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀, kílò 1 (tó bá ní egungun, ẹ ra kílò 1 àbọ̀)
- yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 4
- òróró, ṣíbí ìjẹun 3
- omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí ìjẹun 2
- ọmọ aáyù 5, kí ẹ gún un
- iyọ̀, ṣíbí tíì 2
- cumin, coriander lílọ̀ àti paprika, ṣíbí tíì 2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan
- atalẹ̀ pupa gbígbẹ, ṣíbí tíì 1
- iyèré lílọ̀ àti cinnamon, ìdajì ṣíbí tíì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ti sọ́ọ̀sì:
- aáyù tí a ti bó, gíráàmù 120 (ó máa ń tó orí aáyù 3 tàbí 4 tó tóbi)
- òróró tí kò lóòórùn, mìlílítà 360
- omi ọsàn wẹ́wẹ́, mìlílítà 60
- iyọ̀, ṣíbí tíì 1 àbọ̀
- omi yìnyín, ṣíbí ìjẹun 2

Ti búrẹ́dì:
- fúláwà, gíráàmù 500
- yíìsì, ṣíbí tíì 2
- ṣúgà, ṣíbí tíì 1
- iyọ̀, ṣíbí tíì 1 àbọ̀
- òróró, ṣíbí ìjẹun 2
- omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mìlílítà 300

Ti inú rẹ̀: ìdajì kábéèjì kékeré, kárọ́ọ̀tì 2, kùkúmbà 2, fínígà díẹ̀.

Ẹ máa nílò bléńdà, páànù pẹrẹsẹ tó nípọn nídìí, igi tí a fi ń yí fúláwà (ìgò òfìfo tí a fọ̀ mọ́ náà ṣe é lò), aṣọ mímọ́ méjì, àti kúlà kékeré tí ẹ fi máa ń gbé ìrẹsì lọ sóde ayẹyẹ.

Aáyù ni kí ẹ fara balẹ̀ rà jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní Sábó Ṣágámù, lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta àlùbọ́sà, mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ orí aáyù kọ̀ọ̀kan kí n tó jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi. Tó bá le bí òkúta, mo gbà á. Tó bá rọ̀, tàbí tí ewé tútù ti ń yọ lórí rẹ̀, mo dá a padà. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti bó sínú ọ̀rá tó ń làágùn, ẹ má sì ra aáyù lílọ̀ inú ìgò. Sọ́ọ̀sì tí a fẹ́ ṣe kò ní fi í dì.

Tí ẹ kò bá rí cumin àti coriander lórí àtẹ àwọn ìyá ẹléròjà ní Òkè-Ajé, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Kọ́rí tí gbogbo wa ní nílé, àwọn méjèèjì àti atalẹ̀ pupa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí tíì 4 kọ́rí rọ́pò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣáà má fi táìmù sí i. Táìmù á sọ ọ́ di adìẹ ìrẹsì ọdún, adìẹ ìrẹsì ọdún kọ́ la sì fẹ́ jẹ.

Ìpele 1: Ẹ ti èròjà bọ adìẹ lára láti alẹ́ àná

Ẹran itan ni kí ẹ lò. Àyà adìẹ ti máa ń gbẹ kó tó pọ́n. Ọ̀rá inú itan ló ń jẹ́ kó rọ̀. Kó sì jẹ́ bróílà. Àgbà adìẹ tó ti yé ẹyin ṣíwọ́ dùn nínú ọbẹ̀, àmọ́ wákàtí gbọọrọ ló ń fẹ́ lórí iná, tiwa kò sì ní pẹ́ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ inú fírísà lẹ ti mú un, ẹ gbé e sínú abọ́, kí ó yọ́ nínú fíríìjì mọ́jú. Ẹ má fi omi gbígbóná yọ́ ọ, ẹ má sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Tó bá ti yọ́, ẹ da omi pupa ìdí abọ́ nù, kí ẹ wá fi bébà ìnuwọ́ nu ẹran náà lójú lẹ́yìn títí kò fi ní máa dán mọ́. Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wáyé. Omi tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára ẹran lálẹ́ òní, òun lẹ máa bá nínú páànù lọ́la.

Ẹ la ibi tó bá nípọn jù kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kó má nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ẹ po èròjà adìẹ pọ̀ nínú abọ́, ẹ da ẹran sí i, ẹ fi ọwọ́ rá a mọ́ gbogbo ara rẹ̀. Ẹ bò ó, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì níbi tí omi rẹ̀ kò ti lè kán sórí oúnjẹ mìíràn. Wákàtí 4 ló kéré jù. Mọ́jú ló dára jù. Ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí 24, torí ọsàn wẹ́wẹ́ á jẹ ẹran náà títí tí á fi máa rún wómúwómú lẹ́nu.

Àwa tí a dàgbà sídìí bíbọ ẹran ká tó dín in, ọwọ́ wa máa ń yá láti gbé ìkòkò kaná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ̀ ọ́. Adùn tí ẹ fi òru kan rá mọ́ ọn lára, inú omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní àárọ̀, ẹ gbé ẹyọ kan sókè. Èròjà yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn lára, kó má máa ṣàn bọ́ sílẹ̀. Omi tó bá wà nídìí abọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ.

Ìpele 2: Sọ́ọ̀sì aáyù

Àwọn ará Lẹ́bánónì ń pe sọ́ọ̀sì yìí ní toum, aáyù náà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Aáyù, iyọ̀, ọsàn àti òróró nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí mayonéèsì níbẹ̀, kò sí mílíìkì, síbẹ̀ ó máa ń funfun báláú, ó sì máa ń wú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe mí. Ní ọdún kan, àwọn àlejò ọkọ mi dé láti Èkó fún Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ẹran àgbò ti sú gbogbo wa, ni mo bá ní kí n fi ṣàwámà yí ẹnu wọn padà. Aṣọ ẹgbẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, gèlè kò tíì wé, mo sì fẹ́ tètè parí. Ni mo bá da òróró lu aáyù láti ẹnu ìgò. Ó kọ́kọ́ funfun, inú mi dùn. Lójijì ni ó wọlẹ̀, bí ìgbà tí ìfófòó ẹmu bá rọ̀ nínú igbá; ohun tó wà nínú bléńdà di omi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, òróró sì léfòó sókè. Mo dà á nù. Aáyù tí mo fi wákàtí kan bó, inú kòtò ló lọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé a lè dá a padà, mo sì máa kọ bí a ṣe ń dá a padà síbí kí ẹlòmíràn má bàa da tirẹ̀ nù.

Òróró àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Ohun tí abẹ bléńdà ń ṣe ni pé ó ń gé òróró sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Aáyù ni í sì í yí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ká, tí kì í jẹ́ kí wọ́n padà so pọ̀. Tí òróró bá wọlé ní ẹ̀kánkán, aáyù á ráyè mú un. Tó bá ya wọlé, ọwọ́ aáyù kò ní ká a.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé:

1. Ẹ gbé òróró àti aáyù tí ẹ ti bó sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ooru wà lára ohun tó ń já sọ́ọ̀sì yìí. Òróró sóyà ni mò ń lò. Òróró ẹ̀pà máa ń gbé òórùn tirẹ̀ wá, òróró ólífì sì máa ń korò tí bléńdà bá lù ú pẹ́.

2. Ẹ la ọmọ aáyù kọ̀ọ̀kan sí méjì. Tí ẹ bá rí ewé tútù tíntín ní àárín rẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọnù, torí ó máa ń korò. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ẹ pe àwọn ọmọ sí i.

3. Ẹ nu inú bléńdà gbẹ. Ẹ da aáyù àti iyọ̀ nìkan sí i, ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ pa á, ẹ fi ṣíbí ha ara rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ tún lọ̀ ọ́. Ó lè tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bu omi sí i kí abẹ lè mú un. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí abẹ kò bá mú un rárá, a jẹ́ pé bléńdà yín fẹ̀ jù fún aáyù náà. Ẹ gún un kúnná nínú odó kékeré pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó dà á padà sínú bléńdà. Kò gbọdọ̀ ku kóró kankan. Ẹ fi ìka méjì pa á wò.

4. Ẹ tan bléńdà. Ẹ fi ṣíbí tíì bu òróró, ẹ máa ta á sí i lẹ́kán-lẹ́kán láti ojú ihò ìdérí. Ṣíbí 12 àkọ́kọ́ (ó tó mìlílítà 60) yẹ kó gbà yín ní ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán. Ibi tó le jù nínú gbogbo ṣàwámà nìyí, kì í sì í ṣe agbára ló ń fẹ́, sùúrù ni.

5. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, bléńdà á máa pariwo wọ́ràwọ́rà bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ. Tí sọ́ọ̀sì bá ti ń dì, ohùn náà á wálẹ̀, á wá nípọn. Ìgbà yẹn lẹ lè jẹ́ kí òróró máa ṣàn bí okùn ìránṣọ. Kó má nípọn ju okùn ìránṣọ lọ.

6. Tí òróró bá ti tán dé ìdámẹ́ta, ẹ ta ṣíbí tíì 2 omi ọsàn sí i. Ẹ padà sí òróró, ẹ tún padà sí ọsàn, títí àwọn méjèèjì yóò fi tán. Òróró ni kó kẹ́yìn. Ẹ wá fi omi yìnyín parí rẹ̀, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Á túbọ̀ funfun, á sì fúyẹ́.

7. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 2, ẹ pa bléńdà, kí ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Tó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 10. Àǹfààní ni fún ẹ́ńjìnnì bléńdà náà.

Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì. Tí iná bá dé, ẹ fi òróró ẹ̀kánkán bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá sì ní bléńdà lè fi ọmọ odó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ká ṣáà máa ro ó sí apá kan náà. Bí àwọn tó ni ín ṣe ń ṣe é kí bléńdà tó dáyé nìyẹn.

*Tó bá já.* Ẹ má dà á nù. Ẹ tú u sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fọ bléńdà, ẹ nu ún gbẹ. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun 2 pòtétò òyìnbó bíbọ̀ tó ti tutù, tí ẹ ti tẹ̀ kúnná, sínú bléńdà pẹ̀lú ṣíbí tíì 1 omi ọsàn. Ẹ tan án, kí ẹ wá máa ta sọ́ọ̀sì tó já yẹn sí i lẹ́kán-lẹ́kán, bí ẹni pé òun gan-an ni òróró. Á dì padà. Àwọn kan máa ń fi funfun ẹyin tútù ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò ní gbà yín níyànjú ẹyin tútù nínú ooru tiwa yìí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bu ṣíbí kan, ẹ dà á dojú dé. Kò gbọdọ̀ bọ́. Ẹ fi abọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wo ojú rẹ̀: kò gbọdọ̀ sí òróró tó sun yíká etí. Tí ẹ bá tọ́ ọ wò tó ta yín lẹ́nu burúkú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nígbà tó bá tuntun; tó bá sun fíríìjì mọ́jú, á rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Aáyù inú òróró kì í ṣe ohun à ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum ń gbé inú ilẹ̀, ó sì lè bá aáyù wọlé. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́, ló ti máa ń bí sí i, inú òróró sì jẹ́ irú ibẹ̀. Májèlé rẹ̀ kò lóòórùn, kò sì yí àwọ̀ oúnjẹ padà. Omi ọsàn ń dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé ọsàn nìkan. Ẹ tọ́jú sọ́ọ̀sì sínú ìgò mímọ́ nínú fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí ẹ bá bù jáde fún àlejò, kó má kọjá wákàtí 2 níta. Lákòókò ooru, wákàtí 1. Bí kò bá sí iná láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí fíríìjì kò tutù mọ́, ẹ dà á nù. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ṣe é púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìpele 3: Búrẹ́dì

Ibí ni omi ti yẹ kó wà. Èèyàn máa ń rí i pé fúláwà ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, á wá máa bu fúláwà gbígbẹ sí i títí tí á fi le. Búrẹ́dì tó bá ti le láti inú abọ́ á ya dandan tí ẹ bá ká a.

Ẹ po fúláwà, yíìsì, ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, torí omi gbígbóná á pa yíìsì. Ẹ fi òróró sí i, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10. Tó bá ń lẹ̀, òróró ni kí ẹ fi pa ọwọ́, ẹ má fi fúláwà kún un. Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún dáadáa bò ó, kó wú fún wákàtí 1.

Ẹ pín in sí 8, ẹ ká a róbótó, ẹ tún bò ó fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fo ìsinmi yìí. Fúláwà tí kò bá sinmi, bí ẹ bá ti ń yí i fẹ̀ ló máa ń sún kì padà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ tó bí àwo ìjẹun, kí ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òjìji ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ gbé páànù kaná láìfi òróró sí i, kó gbóná dáadáa. Ẹ kán omi sí i: tó bá jó lórí páànù tó sì pòórá, ó ti tó. Ẹ tẹ́ búrẹ́dì sí i. Láàárín ìṣẹ́jú kan, á yọ ìléròrò lójú. Ẹ yí i padà fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ gbé e kúrò. Iná kékeré ló ń ba búrẹ́dì yìí jẹ́: kí ó tó pọ́n, omi inú rẹ̀ á ti gbẹ tán. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń jáde, ẹ máa tò ó léra wọn sínú aṣọ mímọ́ nínú kúlà, kí ẹ sì máa dé e. Ooru ara wọn ni yóò mú kí wọ́n rọ̀.

Tó bá jẹ́ búrẹ́dì ṣàwámà inú ọ̀rá lẹ rà, òun náà fẹ́ omi. Ẹ fi ọwọ́ tútù pa á lójú lẹ́yìn, ẹ gbé e sórí páànù gbígbóná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ kó o sínú kúlà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ká ọ̀kan mọ́ ìka yín yíká, ẹ tú u. Kò gbọdọ̀ ní ojú ìlà funfun tàbí kó ya.

Ìpele 4: Ẹ̀fọ́

Ẹ gé kábéèjì tín-ín-rín, ẹ rẹ́ kárọ́ọ̀tì, ẹ bu ṣíbí tíì 1 iyọ̀ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Iyọ̀ á fa omi rẹ̀ jáde. Ẹ wá dì í sínú aṣọ mímọ́, kí ẹ fún un. Mo ń sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí: ẹ fún un bí a ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ yan ní gàrí. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í ta sẹ́ẹ́sẹ́ẹ́ bí omi rẹ̀ kò bá jáde tán.

Kùkúmbà ní tirẹ̀, ẹ la á, ẹ fi ṣíbí ha kóró àárín rẹ̀ dànù torí ibẹ̀ ni omi pọ̀ sí, ẹ gé e gbọọrọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà àti omi tó dọ́gba pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ nu ún gbẹ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ẹ̀kúnwọ́ kábéèjì sórí bébà ìnuwọ́. Tí bébà bá rin, ẹ tún un fún.

Ìpele 5: Ẹ fi iná sí adìẹ

Ẹ gbé ẹran jáde láti inú fíríìjì, ẹ gbọn èròjà tó bá pọ̀ jù kúrò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná, ẹ ta òróró ṣíbí 1 sí i. Ẹ tẹ́ ẹran mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí wọ́n má fara kanra. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ dà sí i lẹ́ẹ̀kan, páànù á tutù, omi á yọ, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú omi ara rẹ̀. Ohùn tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn: tó bá ń dún ṣàà, ó ń yan, tó bá ń dún bògbò-bògbò, ó ń bọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ bògbò-bògbò, ẹ kó ìdajì jáde kíá, ẹ da omi náà nù, ẹ fi iná kún un.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 láì fọwọ́ kàn án. Tó bá pọ́n, fúnra rẹ̀ ló máa jáwọ́ lára páànù. Ẹ yí i padà fún ìṣẹ́jú 4 sí 5 mìíràn. Ẹni tó bá ní tẹmómítà ìdáná, ìwọ̀n 74°C ni kó dé ní ibi tó nípọn jù. Ẹni tí kò ní, kó la ibẹ̀ wò: omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, inú ẹran kò sì gbọdọ̀ pupa.

Ẹ gbé e sórí pákó tó mọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ fi gé e ní tútù. Ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ẹ wá gé e tín-ín-rín, ní ìdábùú iṣan rẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́kù lórí pákó, ẹ má dà á lé ẹran. Ẹ dá ẹran gígé náà padà sínú páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú 2, kí etí rẹ̀ lè gbẹ, kó sì pọ́n. A kò ní irin ńlá tó ń yí lójú iná bíi ti àwọn tó ń tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìdáná ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló ń fún wa ní etí gbígbẹ tí irin yẹn ń fún tiwọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ kan páànù. Òróró pupa nìkan ló yẹ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí omi má sí níbẹ̀.

Ìpele 6: Ẹ wé e

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa wé, ẹ má tẹ́ mẹ́jọ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí búrẹ́dì á gbẹ. Sọ́ọ̀sì ló ń ṣáájú: ṣíbí ìjẹun 1 àbọ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sí àárín. Òróró inú rẹ̀ á di ògiri láàárín búrẹ́dì àti ohun tó lómi. Ẹran ló kàn, ẹ̀kúnwọ́ kan. Kábéèjì àti kùkúmbà wá gun orí ẹran, kí wọ́n má kan búrẹ́dì. Ẹ fi ààyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fẹ́ràn mayonéèsì àti kẹ́ṣọ́ọ̀bù nínú tiwọn, àti sọ́séèjì pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ́séèjì, kó dín in kó sì gé e mọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n mayonéèsì lórí sọ́ọ̀sì aáyù, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹyọ kan láìfi í sí i. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní ìpele kejì yẹn tó fún un.

Ẹ ká ìsàlẹ̀ wọlé, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ kan bò ó, ẹ fi ìka fà á mọ́ra, kí ẹ tó yí i dé òpin. Ẹ gbé e padà sórí páànù gbígbẹ, kí ojú ìparí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ fi ìdérí wíwúwo tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, ẹ yí i padà. Ojú ìparí náà á lẹ̀ pa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú un ní òró, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lórí àwo. Kò gbọdọ̀ tú, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ kán.

Tó bá máa rìnrìn àjò

Bí ẹ bá fẹ́ dì í fún ẹni tó ń padà sí Èkó, ẹ má fi fóìlì wé e bó ṣe ń jáde láti orí iná. Ooru gbígbóná inú rẹ̀ á di omi mọ́ fóìlì lára, á sì padà rin búrẹ́dì. Ẹ gbé e sórí asẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi bébà wé e kí fóìlì tó tẹ̀ lé e, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Tí ọ̀nà náà bá máa gbà ju wákàtí 2 lọ, ẹ má wé e rárá. Ẹ kó ẹran tí ẹ ti yan tó sì ti tutù, ẹ̀fọ́ àti sọ́ọ̀sì sí abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kúlà tó ní yìnyín, ẹ di búrẹ́dì sínú aṣọ, kí ẹ sì sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gbé páànù kaná tó bá délé.